Ìdánwò Tí Tekaiara Fi Ara Rẹ̀ Ṣe

Bí Tekaiara, ìjòyè wa, kò bá tíì wúkọ́ láàárọ̀, òkun erékùṣù wa kì í fà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ́múléró, a-gbé-erékùṣù-má-sọ̀-ọ́!

Ìjọba fẹ́ yan ẹnì kan tí wọn yóò máa kọ́kọ́ ta lólobó bí òkun bá fẹ́ ya wọlé, kí ìròyìn lè tètè kárí. Ọkọ̀ ojú omi onímọ́tò ń bẹ nídìí ipò náà. Oorun Tekaiara dá.

Teretia, obìnrin olùwádìí tí ìjọba rán wá láti yan ẹni náà, ṣàlàyé fún wa nínú maneaba, ilé ìpàdé wa, pé bí àwọ̀n ni àwọn ará ìlú ṣe so mọ́ra. Ẹni tó bá fẹ́ mọ kókó tó di àwọ̀n mú, kó tú u, kó wo bí ẹja á jáde.

“Ọmọ mi, èmi ni kí ẹ tú,” ni Tekaiara wí. “Bí àgbà bá kúrò lọ́jà, orí ọmọ á wọ́, ọjà á wó, ìyá ọmọ á sọnù.”

Ó ní òun ń lọ sí erékùṣù kékeré àwọn ẹyẹ títí di ọjọ́ ìsinmi. Ó kìlọ̀ pé bí a tilẹ̀ rí èéfín, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wá. Ìdánwò ni ìdánwò.

Ẹlòmíràn ló máa ń bá a so ọkọ̀. Èyí tó fúnra rẹ̀ so, omi gbé e lọ. Nígbà tí omi mímu tán, ó dáná. A rí èéfín náà. A ní bàbá ti kìlọ̀, a sì ń bá ijó wa lọ. Ìpàdé ọ̀sẹ̀ yẹn parí kí oúnjẹ tó tutù.

Nígbà tí òkun fà, ìyá àgbà Tibwau fẹsẹ̀ wọ́ omi lọ wa ìṣáwùrú ní erékùṣù àwọn ẹyẹ náà. Ó bá Tekaiara lórí igi.

“Bàbá, aṣọ yín dà?”

“Akàn ti wọ́ ọ lọ. Ìyá mi, bò mí láṣìírí. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.”

“Ta ni mo fẹ́ sọ fún?”

Tibwau fún un ní ẹní kó ró, ó sì ṣáájú.

Tekaiara ṣì wà nínú omi nígbà tí adẹ́mu kan bẹ̀rẹ̀ sí kọrin lórí àgbọn: akàn kan wọ aṣọ ìjòyè. Àgbọn kejì gbè é. Kó tó dé maneaba, àwọn ará òpin erékùṣù ti débẹ̀.

“Ẹ kú ewu,” ni àgbà kan wí. “Ṣé aṣọ náà bá akàn mu?”

Teretia béèrè ẹni tí ìròyìn náà ti ẹnu rẹ̀ jáde. Gbogbo ìka nà sí Tibwau, tó ń họ ìṣáwùrú rẹ̀. Teretia yàn án, ó sì di ọlọ́kọ̀.

Tekaiara fẹ́ dìde láti tako ó. Ó rí i pé ẹní ìdí rẹ̀ ń tú. Ó jókòó, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di kókó rẹ̀ mú.