Ọjọ́ Tí Mo Wọ Ẹtù Lọ Jẹun Nínú Ọkọ̀ Òyìnbó

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi bí mo bá tilẹ̀ di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ọjọ́ tí wọ́n pè mí síbi oúnjẹ alẹ́ nínú ọkọ̀ òyìnbó ni, tí mo wọ aṣọ tí gbogbo ará inú ọkọ̀ náà ò fi ní gbàgbé mi láéláé. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ẹ̀rín ń pa mí, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Àsìkò tí ọkọ̀ ojú omi kún omi Èkó bámúbámú ni, tí wọ́n ń dúró de ààyè láti gúnlẹ̀ ní Àpápá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di akọ̀wé ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Màrínà, níbi tí a ti ń bá àwọn ọkọ̀ wá omi mímu àti oúnjẹ tútù. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan wá dé, tó kó àwọn òyìnbó tí wọ́n kàn ń fi owó wọn wo ayé kiri. Òun náà ò rí ààyè gúnlẹ̀. Nígbà tí èso àti ẹ̀fọ́ tán nínú rẹ̀, èmi ni ọ̀gá mi rán lọ sí ọjà Sandgrouse. Mo ra tòmátì, ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ẹja tútù tó ṣì ń ju ìrù, mo sì kó gbogbo rẹ̀ lọ bá wọn lójú omi. Inú ọ̀gá ọkọ̀ náà dùn débi pé ó kọ ìwé ìpè, pé kí èmi àti ọ̀gá mi wá bá òun jẹun ní alẹ́ Ọjọ́rú.

Ọmọ Ṣáró ni ọ̀gá mi, ẹni tí kóòtù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ bí oòrùn ti wù kó mú tó. Ó ka ìwé náà fún mi, ó ní aṣọ àsè ni wọ́n kọ síbẹ̀: kóòtù, tàbí aṣọ ìbílẹ̀ tó gbayì. Ó ní bí mo bá wọ ìwọ̀kuwọ̀ wá, inú ọkọ̀ kékeré tó máa gbé wa lọ ni mo máa jókòó dè é sí títí tó fi máa jẹun tán.

Bí mo ṣe délé ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí mo sọ ọ́, gbogbo agbo ilé ló di télọ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó yẹ kí n wọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹnì kan nínú wa tó jẹun nínú ọkọ̀ rí. Mo kọ́kọ́ yá kóòtù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta aṣọ ní Ìdúmàgbò. Apá rẹ̀ dúró sí ìdajì ọwọ́ mi, bọ́tìnnì àyà rẹ̀ kò sì fẹ́ rí ihò sójú. Ìyá mi wò mí lọ wò mí bọ̀, wọ́n ní mo jọ ẹni tí kóòtù ń mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé àgbàbọ̀ ṣòkòtò kì í yẹ ọmọ ènìyàn, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣo ni.

Bàbá Àgbà ló wá yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, àwọn sì ni olórí ilé wa. Wọ́n pè mí sí yàrá, wọ́n ní àwọn ò lè jẹ́ kí ọmọ ilé àwọn wọ aṣọ ìyáwọ̀ lọ síwájú òyìnbó. Nígbà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ tán, wọ́n ṣí àpótí, wọ́n sì yá mi ní tiwọn.

Agbádá ẹtù ni, èyí tí bàbá tiwọn fi sílẹ̀ fún wọn. Kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń yọ jáde ṣáá. Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ fi Bàbá Àgbà jẹ Bàbá Àdínnì ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, tí Lèmọ́ọ̀mù máa wé láwàní funfun fún wọn níṣojú gbogbo ènìyàn, ẹtù náà ni wọ́n sì fẹ́ wọ̀. Nítorí pé ó ti ń ṣá, wọ́n ti ní kí Àǹtí Rísí tún un pa láró. Àbúrò bàbá mi obìnrin ni Àǹtí Rísí, ó kọ́ṣẹ́ aró ní Abẹ́òkúta, ẹ̀yìn ilé wa ni ìkòkò aró rẹ̀ sì wà. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan ní ìwọ̀nba. Ó rì í, ó sá a, ó tún rì í, ó tún sá a, lẹ́yìn náà ló wá fi kùmọ̀ lù ú títí tó fi ń dán gbinrin.

Bàbá Àgbà gbé aṣọ náà lé mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn ò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀. “Bí ọbẹ̀ bá ta sí i, bí ọtí òyìnbó bá dà sí i, kí ni mo máa wọ̀ tí wọ́n á fi wé láwàní fún mi?”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní bí mo tilẹ̀ máa febi sùn, àbàwọ́n kankan ò ní kan aṣọ náà. Àǹtí Rísí, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ní kí n má jẹ́ kí omi pàápàá kàn án, nítorí aró ọ̀hún ṣì tuntun. Mo ní mo ti gbọ́. Èmi rò pé ara aṣọ ló ń bẹ̀rù fún.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, mo gba CMS kọjá lọ sí etí omi. Mo wọ bùbá àti ṣòkòtò, mo dé fìlà abetí ajá, mo sì gbé ẹtù lé gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ń yà fún mi lọ́nà, wọ́n ń kí mi ní Alhájì, èmi tí n kò tíì kọjá Ìbàdàn rí. Mo ń fi orí dá wọn lóhùn. Ọ̀gá mi ti wà létí omi nínú kóòtù funfun báláú, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó sì ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Inú ọkọ̀ kékeré elénjìnnì tó gbé wa lọ kún fún epo. Kí epo má baà ta sí ẹtù, mo sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo fara ti ọ̀gá mi tímọ́tímọ́. A ò tíì rìn jìnnà tí ìgbì kan fi dìde, tó sì rọ̀ lé mi léjìká. Mo yẹ ara mi wò kíákíá. Omi lásán ni, kò sí epo, kò sí ẹrẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀, mo tún fara ti ọ̀gá mi.

Ọmọ ọkọ̀ kan tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun ló di apá mi mú nígbà tí mo ń gun àtẹ̀gùn. Nígbà tó jọ̀wọ́ mi, mo rí i tó ń wo ìbọ̀wọ́ rẹ̀, tó ń yí i síwá sẹ́yìn. Mo rò pé ó ti fi kan ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lára ọkọ̀. Mo tilẹ̀ káàánú rẹ̀.

Ibi tí wọ́n mú wa wọ̀, gbogbo rẹ̀ ló funfun. Aṣọ orí tábìlì funfun, wọ́n wọ aṣọ funfun fún àwọn àga, àwọn tó ń gbé oúnjẹ kiri náà wọ funfun. Ẹ̀gbẹ́ ìyàwó ọ̀gá ọkọ̀ ni wọ́n fi mí sí, obìnrin oníwà tútù kan tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Mo ká apá agbádá mi lé èjìká, mo pa ẹsẹ̀ pọ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ oúnjẹ bí ẹni ń ṣọ́ olè. Wọ́n gbé ọbẹ̀ olómi dé, mo ní rárá. Wọ́n gbé ọtí pupa dé, mo tún ní rárá, ìyẹn ò kúkú ṣòro fún Mùsùlùmí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ẹja dé. Ẹja tí mo fi ọwọ́ ara mi yàn ní Sandgrouse ni, wọ́n ti da nǹkan ọlọ́ràá kan lé e lórí, òórùn rẹ̀ sì ń pè mí lórúkọ. Mo wo ẹja, mo rántí láwàní, mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Búrẹ́dì ni mo ń rún lẹ́nu.

Obìnrin náà rò pé bóyá oúnjẹ àwọn ò wù mí ni. Kí ó má baà bínú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ẹtù fún un, bí wọ́n ṣe ń hun ún, bí wọ́n ṣe ń rì í sínú aró. Ó bi mí bóyá òun lè fọwọ́ kàn án. Mo na apá agbádá sí i, mo ń ṣe fọ́ńté. Ó fi ọwọ́ pa á dáadáa, ó yìn ín, ó wá fi ọwọ́ lẹ́rán bí ẹni tí ìtàn dùn mọ́.

Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ìka mẹ́rin ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, aró dúdú minimini, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ilà fún.

Mo gbé búrẹ́dì sílẹ̀. Mo wo ọwọ́ ara mi, ó ti di ọwọ́ Àǹtí Rísí. Mo wo iwájú mi, aṣọ tábìlì ti di àdìrẹ. Mo wá rọra yíjú sí ọ̀gá mi lódìkejì tábìlì, tó ń bá ọ̀gá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ tìgbéraga-tìgbéraga. Láti èjìká òsì rẹ̀ dé ìbàdí, níbi tí mo ti fara tì í nínú ọkọ̀ kékeré, kóòtù funfun ọ̀hún ti gba aró. Láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti ń ṣọ́ kí ayé má ba aṣọ Bàbá jẹ́, aṣọ Bàbá ló sì ń ba ayé jẹ́.

Ọgbọ́n tí mo dá kò ràn mí lọ́wọ́. Mo ti aṣọ ìnuwọ́ bọ inú omi mímu, mo fi nu orí tábìlì. Àmì tó tó ẹyọ kọ́bọ̀ kan tẹ́lẹ̀ wá fẹ̀ tó àwo. Mo gbé àwo lé e, mo rí òmíràn, mo gbé ife lé ìyẹn. Mo wá pinnu pé ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí n má dìde lórí àga náà mọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá ọkọ̀ ti dìde, tó ní kí gbogbo wa gbé ife sókè fún ìlú Èkó. Gbogbo ènìyàn dìde. Èmi ọmọ Èkó jókòó.

Ọ̀gá mi tẹ̀ síwájú, ó sọ̀rọ̀ láàárín eyín. “Dìde. Ìlú baba rẹ ni wọ́n ń kí.”

“Sà, ẹ jẹ́ kí n jókòó,” ni mo wí. “Kí ẹ̀yin náà má sì jẹ́ kí wọ́n rí ẹ̀gbẹ́ òsì yín.”

Ó wo ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀. Ojú tó gbé padà sí mi, òun ló gbé mi dìde láì rò ó. Gbogbo wọn wá rí àga mi. Ìdí mi wà níbẹ̀ lódindi, bí fọ́tò. Ìtìjú bò mí, mo fẹ́ kí omi Èkó gbé mi mì. Ìyàwó ọ̀gá ọkọ̀ rí i pé àwọn kan ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun, ó gbé síbí, ó wo ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá ó máa ń lọ. Mo ní ó máa ń lọ, ṣùgbọ́n kì í kánjú. Ọkọ rẹ̀ wá, ó fi ìka nu apá agbádá mi, ó fa ilà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ kó lè bá ti ìyàwó rẹ̀ mu. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn òyìnbó ti tò síwájú mi, wọ́n ń gba ilà. Ọ̀gá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a ń padà, iwájú ọkọ̀ kékeré ló jókòó sí, ó ní kí n lọ sí ẹ̀yìn pátápátá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Àgbà na ẹtù sínú oòrùn, wọ́n yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á. Kò sí ọbẹ̀, kò sí ọtí, kò sí epo. Wọ́n pe gbogbo ilé jáde kí wọ́n wá wo ọmọ tó mọ aṣọ tọ́jú, wọ́n sì ń ṣàdúà fún mi. Mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn. Bí mo bá dákẹ́, ìyìn ni tèmi. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé láwàní funfun ni, Lèmọ́ọ̀mù náà á wọ funfun, gbogbo àdúgbò á sì jókòó sórí ẹní. Ojú tí ì bá ti Bàbá lọ́jọ́ iyì wọn dùn mí ju ojú tèmi lọ.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́,” mo ní, “ẹ wo ọwọ́ yín.”

Wọ́n wò ó, aró ti hàn fẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀. Mo wá mú tèmi jáde, mo sì ro gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n wo ẹtù náà, wọ́n tún wò mí.

“Kí lo wá jẹ níbẹ̀?”

“Búrẹ́dì, Bàbá.”

Ẹ̀rín ló gbé wọn jókòó sílẹ̀. Àǹtí Rísí ní òun ṣáà ti sọ pé kí omi má kàn án. Bàbá Àgbà nu ojú wọn nù, wọ́n ní, “Rísí, ṣé Lèmọ́ọ̀mù lo fẹ́ pa láró ni?” Ní ti kóòtù ọ̀gá mi, ọṣẹ kankan ò ràn án. Àǹtí Rísí ló gbà á níkẹyìn, tó rì í lódindi. Ọ̀gá mi ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti rán an.

Agbádá funfun ni Bàbá Àgbà wọ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀, láwàní wọn sì mọ́ tónítóní. Èmi wà láàárín àwọn ọ̀dọ́, mo kó ọwọ́ sínú apá aṣọ, nítorí mo ti fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn bó o títí, kò gbọ́. Lèmọ́ọ̀mù wá ní kí gbogbo wa tẹ́wọ́ àdúà fún Bàbá. N kò lè kó ọwọ́ pa mọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣàdúà fún Bàbá Àgbà. Mo tẹ́wọ́, àtẹ́lẹwọ́ dúdú méjì láàárín gbogbo ọwọ́ mọ́ṣáláṣí. Bàbá Àgbà rí i láti iwájú, wọ́n sì sorí kọ́ lójijì, èjìká wọn ń gbọ̀n. Lèmọ́ọ̀mù sọ fún ìjọ pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ló mú wọn sunkún. Mo ṣe àmín ju gbogbo ènìyàn lọ.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní aṣọ tó yẹ kí èèyàn wọ̀ lọ síbi oúnjẹ, n kì í dá sí ọ̀rọ̀ kóòtù tàbí agbádá. Mo máa ń ní kó fi ọwọ́ tútù pa aṣọ náà, kó sì wo ọwọ́ rẹ̀. A máa ń ṣọ́ ọbẹ̀ kó má ba aṣọ jẹ́. Ó yẹ kí á ṣọ́ aṣọ náà pẹ̀lú. Aró ti lọ lọ́wọ́ mi tipẹ́tipẹ́, mo sì ti dárí ji Àǹtí Rísí. Ẹja Sandgrouse yẹn ni n kò tíì gbé kúrò lọ́kàn. Èmi ni mo yàn án, èmi ni mo gbé e lọ, ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe jẹ ẹ́ tán.