Bí Akínlàbí Ṣe Kó Ogun Lọ Bá Iyán Bàbá Èjìdé

Ẹ fi ìdí kalẹ̀, ẹ fa àga yín súnmọ́ mi, kí ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn un sì pa ẹnu yín mọ́, nítorí orúkọ tí mo fẹ́ dá yìí kì í ṣe orúkọ tí à ń fi ẹnu lásán dá. Akínlàbí ni mo fẹ́ kí! Akínlàbí ọmọ Òjéníyì, káfíńtà Òkè Àgbọn nílùú Ìlobùú, ọkọ Mọrénikéjì, baba Ìbídùn, ọ̀gágun tí kò ní idà bí kò ṣe òòlù, tí kò ní ẹṣin bí kò ṣe sílípáàsì tí okùn rẹ̀ ti já tó sì ti fi wáyà so ó padà. Ọmọ a-na-ìṣó-wíwọ́-kó-tó-kàn-án. Ọmọ a-fi-pákó-àná-kan-àpótí-òní. Ìran akọni ni ìran rẹ̀ láti ilẹ̀ wá. Òjéníyì baba rẹ̀ ló ra ẹja gbígbẹ kan ṣoṣo lọ́dún tí ọ̀dá dá, tó fi ẹja náà se ọbẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ fi parí: bí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á yọ ẹja jáde, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á fi pamọ́ de ọ̀la, débi pé àwọn ọmọ ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kí ẹja náà láàárọ̀. Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló wà lára ọkùnrin tí mò ń wí yìí. Ẹ má fojú tín-ín-rín rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ayé yí, ó sì yí dé ọ̀dọ̀ káfíńtà. Òrùlé ni Akínlàbí ń kàn. Owó pákó gbéra ńlẹ̀, ó gòkè, páànù tẹ̀lé e, kò sì sí ẹni tó ń kan òrùlé mọ́. Àwọn tó ti mọ ilé dé ìdajì pa á tì, ewúrẹ́ ló ń sùn nínú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń ta ọṣẹ ìfọṣọ níwájú ilé, àmọ́ ẹni tí kò tíì rí oúnjẹ jẹ, ìgbà wo ni yóò ronú àtifọ ṣòkòtò? Ọmọ mẹ́rin ló sì wà nílẹ̀ tí ẹnu wọn ń béèrè: Ìbídùn àgbà wọn, Akínbọ̀dé, Àdùnfẹ́, àti Lékè tí kò tíì mọ ju kó máa tún ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá wí wí. Baba á wọlé nírọ̀lẹ́, á ní, "Mo ti jẹun níbi iṣẹ́, ẹ pín tèmi fún àwọn ọmọ," níbi iṣẹ́ tí kò sí. Ìyá náà á ní òun ti tọ́ ọbẹ̀ wò títí òun fi yó. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé irọ́ làwọn ń pa fún ara wọn, kò sì sí èyí tó jẹ́ tú èkejì fó. Mo fẹ́ràn wọn nítorí ìyẹn.

Bó bá jẹ́ ebi nìkan ni ọ̀tá, akọni wa ì bá ti borí rẹ̀. Àmọ́ ọ̀tá kan wà tó ju ebi lọ, ó ń gbé ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, ó ní ilé tirẹ̀, ó ní ìyàwó tó mọ ọbẹ̀ sè, ó sì ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Bàbá Èjìdé ni! Wolé-wolé àtijọ́, òun ló máa ń yẹ ìkòkò omi wò nílé onílé nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó fi ìkòkò omi sílẹ̀, ó bọ́ sórí ìkòkò ọbẹ̀.

Ẹ mọ àṣà wa. Bí a bá bá èèyàn nídìí oúnjẹ, a ó ní, "Mo bá yín níre o." Onítọ̀hún á ní, "Ẹ wá jẹun." Àwa náà á dáhùn pé, "Á gba ibi ire," a ó sì wá ibì kan jókòó sí, ká máa wo ògiri títí wọn ó fi jẹ tán. Ó parí. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, mi ò rí ẹni tó gba ìpè yẹn gbọ́ tọkàntọkàn àfi Bàbá Èjìdé. Bó bá ti gbọ́ "Ẹ wá jẹun" báyìí, omi ìfọwọ́ ló ń béèrè.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Mọrénikéjì ro ẹ̀bà, ó se ọbẹ̀ ilá, ó gé pọ̀nmọ́ wẹ́wẹ́ kó lè kárí. Bí wọ́n ṣe ṣí ìdérí ni Bàbá Èjìdé yọ lẹ́nu ọ̀nà. "Mo bá yín níre o, ẹbí mi!" Kí ni ẹni tí wọ́n kọ́ nílé yóò wí? "Ẹ wá jẹun, sà." Ó jẹ. Ó gbádùn. Ó ṣa pọ̀nmọ́ bí ẹni ń ṣa àgbàdo lóko ara rẹ̀. Ó gbàdúrà fún wọn pé oúnjẹ kò ní wọ́n wọn, wọ́n sì ṣe àmín. Nígbà tó lọ tán, ìsàlẹ̀ àwo ló kù fún àwọn ọmọ. Àdùnfẹ́ mu omi, ó sùn, ó di ikùn rẹ̀ mú. Akínlàbí lọ dúró lẹ́yìn ilé, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò máa rọ̀. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Akọni wa mọ odi yí ilé rẹ̀ ká: ó ti fèrèsé pa, ó fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn kí òórùn ọbẹ̀ má jáde. Òórùn jáde. Ó ní kí wọ́n máa jẹun láàárọ̀ kùtù. Bàbá Èjìdé ní dókítà ló ní kí òun máa rìn láàárọ̀, òun sì bá wọn níre. Ó ní kí wọ́n kó àwo wọ yàrá, kí wọ́n jẹ ẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkùnrin náà kanlẹ̀kùn yàrá, ó ní òun gbọ́ pé ilé dákẹ́, òun rò pé ara wọn ò yá ni. Irú ọ̀tá wo lèyí!

Ó wá di ọjọ́ Àìkú kan. Wọ́n dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Mọrénikéjì ṣí agolo gaàrí, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá ìdí rẹ̀, ohun tó jáde kò kún àtẹ́lẹwọ́ Lékè. Kò sí iṣu. Kò sí èlùbọ́. Àwọn ọmọ kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti àárọ̀, kò sì sí ìrètí kankan títí di ọjọ́ kejì, bí ẹnì kan bá ra ọṣẹ. Ìgbà yẹn gan-an ni ìró odó bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, gbì, gbì, gbì, láti ẹ̀yìnkùlé Bàbá Èjìdé.

Akínlàbí dìde! Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá rí bó ṣe dìde, ẹ ó rò pé ilẹ̀ mì ni. Ó fún bẹ́líìtì rẹ̀ dé ihò tó fi ìṣó lu fúnra rẹ̀.

"Ìyá Ìbídùn, má bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn àwọn ọmọ. A fẹ́ lọ kí Bàbá Èjìdé."

"Ẹ fẹ́ lọ kí ta ni? Lásìkò oúnjẹ?"

"Lásìkò oúnjẹ gan-an ni. Ìgbà wo lòun ń kí àwa?"

"Háà, Bàbá Ìbídùn! Èmi ò lọ o. Èmi tí mo kọ́ àwọn ọmọ yìí pé wọn ò gbọdọ̀ fẹnu kan oúnjẹ ilé onílé? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa pè wá ní alágbe ni?"

"Ta ló ní ká ṣagbe? Ìkíni ni. Àbí ìkíni ti di ẹ̀ṣẹ̀?"

Mọrénikéjì wo Lékè tó ń lá àtẹ́lẹwọ́ níbi tí gaàrí ti kàn án. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó tẹ̀lé wọn, ojú rẹ̀ le.

Báyìí ni ogun jáde. Akínlàbí ṣíwájú, àyà rẹ̀ yọ síta. Ìbídùn fa Akínbọ̀dé lọ́wọ́, Akínbọ̀dé fa Àdùnfẹ́, ìyá wọn pọn Lékè kẹ́yìn ogun. Ọ̀gágun tí kò mọ àkókò kì í borí. Bí wọ́n bá tètè dé, wọ́n á gbé iyán pamọ́. Bí wọ́n bá pẹ́, àwo òfìfo ni wọ́n ó bá. Ó dá wọn dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó tẹ́tí. Odó dákẹ́. Ó gbọ́wọ́ sókè pé kí wọ́n ṣì ní sùúrù, kí wọ́n fi àyè gba ọbẹ̀ bíbù. Ìdérí ìkòkò dún. "Ó yá!"

Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ. Iyán tó wà níwájú Bàbá Èjìdé lọ́jọ́ náà, iyán tó yẹ kí á kí ni, ó jókòó sínú àwo rẹ̀ bí ọba, ẹ̀gúsí yí i ká, itan òkété sì yọrí láàárín ọbẹ̀. Bàbá Èjìdé ti gé òkèlè, ó ti rì í bọ ọbẹ̀, ó ti ya ẹnu.

"A bá yín níre o, Bàbá!"

Òkèlè dúró lágbedeméjì. Ọkùnrin náà ti gbọ́ ìpè oúnjẹ nílé gbogbo èèyàn, àmọ́ kò sí ẹni tó tíì wá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀ rí. Ó wo baba, ó wo ìyá, ó wo àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ... ẹ wá jẹun," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Inú ìyàwó rẹ̀ dùn ní tirẹ̀. Ìyá Èjìdé sáré gbé àpótí jáde. "Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó, ẹ wá jẹun."

Ìṣẹ́gun dé! Odi wó! Kò ku nǹkan kan ju kí ọ̀gágun dúpẹ́, kó fọwọ́. Akínlàbí la ẹnu. Ẹ gbà mí, ẹ̀yin èèyàn! Ẹnu tí wọ́n ti kọ́ láti ìgbà tó ti ń rìn níhòhò, ẹnu tó ti dá ìpè yẹn lóhùn láìmọye ìgbà, kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

"Á gba ibi ire, mà," ni ẹnu wí.

Kó tó lè pe ọ̀rọ̀ náà padà, àwọn ọmọ ti kúnlẹ̀, wọ́n ti dọ̀bálẹ̀, wọ́n fi ohùn kan ṣoṣo dáhùn bí ìyá wọn ṣe kọ́ wọn: "Ẹ ṣé, mà. A ti yó." Lékè náà láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀: "A ti yó." Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, wọ́n kó ẹ̀ṣọ́ jáde lóòótọ́. Inú Akínbọ̀dé sì kùn, gbogbo wa gbọ́ ọ, èmi aládùúgbò tí mò ń yọjú láti orí ògiri, èmi náà gbọ́.

"Wọ́n ti yó!" Bàbá Èjìdé ké bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. "Ẹ ò rí ọmọ tí wọ́n kọ́ bí?" Òkèlè tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀. Akínlàbí dúró síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó.

Ìyá Èjìdé ń wo àwọn ọmọ. "Ẹ má tijú. Ṣé lóòótọ́ lẹ ti yó?"

Gbogbo wọn yíjú sí ojú ìyá wọn. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú yẹn sì ni òfin ilé wọn: bó bá fẹ̀ báyìí, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ dúpẹ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Mọrénikéjì lè fẹ̀ ẹ́. Ì bá fẹ̀ ẹ́, wọn ì bá padà sílé pẹ̀lú iyì wọn, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ohunkóhun. Ó wo Ìbídùn tó ń gbé itọ́ mì.

"Wọn ò tíì jẹun, mà," ló wí. "Láti àárọ̀. Kò sí nǹkan kan nílé."

Bàbá Èjìdé dá òkèlè padà sínú àwo. "Kò sí nǹkan nílé? Nílé ta ni? Nílé yín níbi tí mo ti ń jẹun?"

"Níbẹ̀ náà ni, sà."

"Ẹ sì ń ní kí n wá jẹun! Ẹ sì ń fi ẹ̀rín sọ ọ́!"

"Kí la ò bá wí, sà?" Akínlàbí fèsì, ó wolẹ̀. "Àgbà ni yín."

Bàbá Èjìdé gbé ọwọ́ lérí. Mo rí i, ojú ti ọkùnrin náà gan-an. "Èmi rò pé ó pọ̀ nílé yín ni o. Láti ìgbà tí Èjìdé àtàwọn àbúrò rẹ̀ ti dàgbà kúrò nílé, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu mi nílé yìí. Bí mo bá rí àwọn ọmọdé yí àwo ká, ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé mò ń jẹun."

"Ẹ gbọ́ o!" ìyàwó rẹ̀ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Èmi tí mò ń fi apá gúnyán! Ẹ sún kúrò níbẹ̀ jàre." Ó gbé gbogbo àwo náà, iyán, ọbẹ̀, itan òkété, ó gbé e síwájú àwọn ọmọ, ó sì bọ́ sẹ́yìnkùlé lọ bẹ iṣu mìíràn. Bàbá Èjìdé fúnra rẹ̀ ló bu omi, ó ń fọ ọwọ́ Lékè.

Wọ́n jẹ. Mi ò ní ṣe àpèjúwe rẹ̀, kí ebi má baà pa yín. Mọrénikéjì kò fọwọ́ kàn án títí Ìbídùn fi gé òkèlè, tó fi sí i lẹ́nu. Ó gbé e mì, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ata ọbẹ̀ ni. Akọni wa gba ọmọ odó lọ́wọ́ Ìyá Èjìdé, ó gún iyán kejì fúnra rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ bí ẹni tí kò jẹun níbikíbi láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Nígbà tí wọ́n ń lọ, iṣu wà lórí Ìbídùn, Bàbá Èjìdé sì ń sìn wọ́n dé ojú títì, ó ń tẹnu mọ́ ọn pé bí odó bá ti dún ní ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n má dúró lábẹ́ igi máńgòrò tí Akínbọ̀dé ti ròyìn fún un mọ́.

"Ìyá Ìbídùn," Akínlàbí wí bí wọ́n ṣe kọjá níwájú ilé mi, àyà rẹ̀ tún ti yọ síta, "ṣé o rí bí mo ṣe ṣètò ogun yẹn?"

"Mo rí i, Bàbá Ìbídùn. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ogun." Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan kó lè rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, èmi aládùúgbò wọn, mo kéde rẹ̀ fún Òkè Àgbọn, fún gbogbo Ìlobùú, fún ẹni tó wà lóko àti ẹni tó wà lódò: Akínlàbí ọmọ Òjéníyì ti ṣẹ́gun! Òun ló ka ìró odó. Òun ló kó ogun dé ẹnu ọ̀nà. Òun ló fi ohùn gbọnmọ-gbọnmọ sọ pé "A bá yín níre" tí òkèlè fi dúró lójú ọ̀run. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ní gbólóhùn kan tí ìyàwó rẹ̀ sọ ló gba ìlú náà, òótọ́ ló wí, mi ò ní bá a jiyàn; àmọ́ kó rọra sọ ọ́ o, ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yó ni, ẹ jẹ́ kó sùn.