Elijah Akínsànmí, Olùtọ́jú Fọ́tò Màmá

Bí ẹ bá kọjá ní Edjeba nílùú Warri tí ẹ rí ọkùnrin kan tó dúró ti mọ́tò tí kì í ṣe tirẹ̀, tó gbé àgbọ̀n sókè, tó na fóònù síwájú ojú ara rẹ̀, ẹ kí i dáadáa. Elijah Akínsànmí nìyẹn, ọkọ kámẹ́rà, arẹwà tí dígí ń sá fún. Ó máa ń ya ara rẹ̀ bó bá ń jẹun, ó máa ń ya ara rẹ̀ bó bá ń gbàdúrà. Fọ́tò kan tilẹ̀ wà tó ya nígbà tó ń sùn. Bó ṣe rí i yà kò tíì yé wa títí di òní.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹja yíyan ní ọjà ńlá Warri kú, Elijah pe àwọn àbúrò rẹ̀ jọ sí pálọ̀.

"Gbogbo fọ́tò àti fídíò Màmá, ẹ kó wọn wá. Èmi ni àrẹ̀mọ, èmi ni mo máa tọ́jú wọn."

Ó ti ra háàdì dísìkì kan, àpótí dúdú tí kò ju Bíbélì kékeré lọ. Ó fi àrán wé e, ó gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, ó sì gbé fọ́tò ara rẹ̀ tì í kó máa ṣọ́ ọ.

Fọláwẹ̀mí, àbíkẹ́yìn wọn, lóyún nígbà náà. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀dà kan sílé mi, ká fi òmíràn ránṣẹ́ sí Àǹtí Patience, àbúrò Màmá, ní ìlú wa. Bí èyí bá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ̀dà kẹ̀? Kí ọ̀tá lè rí ìyá mi gbé? Ẹni tó bá ní fọ́tò ẹni ló ni orí ẹni."

Òwe yìí, Elijah ló bí i, òun ló sọ ọ́ lórúkọ.

"Màmá ti kú, Bọ̀dá. Kí ni ọ̀tá tún fẹ́ fi ṣe?"

"O ò mọ ayé. Pa wọ́n rẹ́ nínú fóònù rẹ níṣojú mi."

"Ó dáa, fídíò tí Màmá ti ń sọ̀rọ̀ nídìí ẹja yẹn nìkan. Ọmọ inú mi ò ní bá wọn láyé. Ó yẹ kó gbọ́ ohùn wọn."

"Bó bá fẹ́ gbọ́ ọ, kó wá kí mi."

Nínú ẹbí wọn, a kì í já àrẹ̀mọ níyàn lójú ara rẹ̀. Fọláwẹ̀mí pa wọ́n rẹ́, ó ń sunkún. Gbogbo àwọn yòókù ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó so kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tí ilé ní mọ́ ọrùn ara rẹ̀, kì í ṣe ilé ló ń ṣọ́. Ọrùn rẹ̀ ló ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Ìrántí ọdún kan Màmá pé. Ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ́nà Sapele ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn ará odò wọkọ̀ ojú omi wá, àwọn ará ọjà wá, Tíṣà Shakirat, ọmọ Ọ̀yọ́ tó jẹ́ aládùúgbò Màmá, náà wá. Wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ògiri láti fi wo àwòrán. Elijah gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ wò ó. Mo tọ́jú Màmá bí ẹyin."

Àwòrán àkọ́kọ́ jáde: Elijah lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíípù. Ìkejì: Elijah pẹ̀lú àwò dúdú. Ìkẹta: Elijah, jíípù àti àwò dúdú.

Ọkùnrin kan láti ọjà béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Oga Elijah, abeg, na you die?"

Pásítọ̀ Bámigbóyè sún mọ́ Elijah. "Bọ̀dá Elijah, Màmá dà?"

"Wọ́n ń bọ̀, Pásítọ̀."

Elijah nínú agbádá búlúù ló jáde. Lẹ́yìn náà, agbádá pupa. Fọláwẹ̀mí dìde, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, fídíò Màmá dà?"

"Háàdì yẹn ló kún."

"Kí ló kún inú rẹ̀?"

Elijah wo ògiri. Ojú tirẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i láti ibẹ̀.

"Fọ́tò àti fídíò Màmá ń gba àyè púpọ̀. Mo ní mo kàn fẹ́ yọ wọ́n fúngbà díẹ̀ ni. Mo ṣebí ẹ̀yin náà ní ẹ̀dà."

"Ẹ̀dà tí ẹ ní ká pa rẹ́?"

Elijah ti gbàgbé pé gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu òun. Ìyá arúgbó kan mi orí: "Chai. First son don delete im mama."

Ìgbà náà ni Tíṣà Shakirat dìde lẹ́yìn pátápátá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Màmá fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí mi lórí wọ́sáàpù. Ó wà nínú fóònù mi, ó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé, mo sì fi ọ̀kan pamọ́ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi n'Ílọrin."

Ẹ wo ọ̀tá náà. Òun ni Elijah kì í jẹ́ kó mú fóònù wọ pálọ̀ rẹ̀.

Wọ́n so fóònù rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Elijah ò lọ jókòó. Ó fa agbádá sí èjìká, ó bọ́ sí iwájú aṣọ funfun, òjìji rẹ̀ sì bo ìdajì aṣọ náà.

"Gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣèlérí fún yín…"

Màmá yọ lórí aṣọ lẹ́yìn rẹ̀, ó jókòó ti ẹja, ó lejú. Ohùn rẹ̀ gba gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì:

"Elijah, kúrò níwájú mi jàre. Èmi ni wọ́n ń yà, kì í ṣe ìwọ."

Ẹ̀rín bú. Elijah yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíá, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá wí. Ìgbà náà ni ọmọ tí Fọláwẹ̀mí pọ̀n tó rí ojú ìyá àgbà rẹ̀.