Ọ̀gá Àyẹ̀wò àti Ẹ̀wù Òtútù Méjìlá

Bí ẹnìkan bá wà láyé tó gbọ́n ju aṣọ lọ, Ọ̀gá Àyẹ̀wò ni. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ń bẹ nílé, òun fúnra rẹ̀ ló fi èyí jẹ oyè, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì ni kó máa yẹ ìwé wò, kó sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ gbogbo nǹkan wò. Bó bá dé ilé onílé, á fi ìka ra ojú fèrèsé bóyá eruku wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fún un lómi, á kọ́kọ́ gbé ife náà síbi ìmọ́lẹ̀, á mi orí bí ẹni tí wọ́n já kulẹ̀, lẹ́yìn náà á wá mu ún tán.

Ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ gun òkè ni ọ̀gá wa yìí wà. Ẹ má bi mí bóyá ó ń gun òkè. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán bíi dígí, táyà rẹ̀ ò sì mọ bí ẹrẹ̀ ṣe ń rí. Bí àwọn yòókù bá ti kọrí sókè, òun á dúró nísàlẹ̀ lábẹ́ igi, á ní òun ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún wọn. Ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni ò lé rí.

Ìgbà òtútù wá dé. Ẹni tó bá fi kẹ̀kẹ́ gun òkè á làágùn bíi pé ó wẹ̀ láìbọ́ṣọ, bó bá sì ti sọ̀kalẹ̀ báyìí, atẹ́gùn á bá òógùn náà lẹ́yìn rẹ̀, eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn. Nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́, obìnrin kúkúrú kan tó jẹ́ pé òun ló máa ń kọ́kọ́ dé òkè, ti húkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ ìpàdé, Tíṣà, akọ̀wé wọn, dábàá pé kí gbogbo ẹgbẹ́ ní irú ẹ̀wù òtútù kan náà, èyí tó nípọn, tó rọ̀, tó ní fìlà lẹ́yìn ọrùn, tí oníkálukú á lè dà sọ́rùn tó bá ti ń bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Gbogbo wọn gbà. Ó wá ku ẹni tó máa yan èyí tó dára.

Ọ̀gá Àyẹ̀wò dìde, ó fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè.

“Yíyan aṣọ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó kàn ní ara,” ó ní. “Iṣẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ mọ̀wé ni.”

Wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín tán, ó ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé.

Láti ọjọ́ kejì ló ti gbé báàgì há abíyá. Ó dé ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà, ó dé ọ̀dọ̀ aránṣọ mẹ́fà. Níbikíbi tó bá wọ̀, á sọ fún onítọ̀hún pé ọgọ́ta ènìyàn ló wà lẹ́yìn òun tí wọ́n ń retí ẹ̀wù, pé ibi tí òun bá sì fọwọ́ sí ni wọ́n ti máa rà á. Àmọ́ ojú lásán ò lè mọ ẹ̀wù, ó di dandan kóun mú ọ̀kan lọ sílé fún àyẹ̀wò. Ta ló máa gbọ́ ọgọ́ta tí ò ní yọ ọ̀kan sílẹ̀? Obìnrin aránṣọ kan ní oríta bi í pé báwo ni ara rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ó ní níwọ̀nba ni. Obìnrin náà wo ikùn rẹ̀, kò bá a jiyàn, ohun tí ikùn sọ ló gé.

Bí àyẹ̀wò náà ṣe ń lọ nìyí. Ọ̀gá á wọ ẹ̀wù, á jókòó sórí àga tìmùtìmù níwájú tẹlifíṣọ̀n, á máa retí kí òtútù wá bá òun. Bí oorun bá gbé e lọ, ẹ̀wù ti yege nìyẹn. Àmọ́ tó bá dé ìpàdé, kò sí èyí tó yege rí. Ó ní aláwọ̀ ewé ò dáa, pé bí ọmọ ẹgbẹ́ bá fi ṣubú sínú igbó, a ò ní rí i mọ́. Aláwọ̀ ìyeyè ńkọ́? Oyin á ṣì í mú fún òdòdó. Aláwọ̀ eérú tí aránṣọ oríta rán rọ̀ jù, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á gbàgbé ọ̀nà ilé. Tíṣà ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì húkọ́, ó béèrè bóyá wọ́n ti dá àwọn tí kò yege padà fún àwọn tó ni wọ́n.

“Ẹ̀wù tó bá fìdí rẹmi,” ni ọ̀gá fi dá a lóhùn, “kò yẹ kó tún jáde lọ máa tan aráyé jẹ. Mo ti fi wọ́n sí àhámọ́.”

Ilé rẹ̀ ni àhámọ́ ọ̀hún. Ìyá rẹ̀ àgbà wọ aláwọ̀ eérú, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wọ pupa àti funfun. Ìyàwó rẹ̀, tó ń yan búrẹ́dì tó sì ń tà á nínú yàrá iwájú, ní ooru ààrò ti tó òun, síbẹ̀ méjì ni ọkọ rẹ̀ gbé fún un. Wọ́n da ọ̀kan bo ẹ̀yìn àga. Òun alára ń pààrọ̀ láàárọ̀ lálẹ́ bí ọba tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé adé fún. Bẹ́ ẹ bá rí àgbà tó pín ẹran tí ò bu sẹ́nu, ẹ wo ètè rẹ̀ dáadáa. Inú ìkòkò ló ti jẹ tirẹ̀.

Ó di ọjọ́ Sátidé kan, òjò ká ẹgbẹ́ mọ́ orí òkè. Ọ̀gá ò bá wọn lọ, ó ní àyẹ̀wò ìkẹyìn ń bẹ nílé. Ilé rẹ̀ ló sún mọ́ ìsàlẹ̀ òkè jù, àwọn èrò tí òjò lé ti kún yàrá búrẹ́dì bámúbámú. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹrẹ̀ dé orí. Nọ́ọ̀sì ń gbọ̀n débi pé aago kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dá dún. Tíṣà sì ń nawọ́ sí ilé yìí gan-an.

Kí ló máa fi àwọn ẹ̀wù yìí ṣe? Kọ́bọ́ọ̀dù ti kún fún aṣọ tirẹ̀, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ò gba abẹ́rẹ́ mọ́. Ó já wọn lórí okùn, ó bọ́ wọn lọ́rùn àwọn ọmọ. Ìyá àgbà di tirẹ̀ mú, ó bi í bóyá òtútù ti tán láyé ni. Ó bẹ̀ ẹ́ títí kó tó rí i gbà. Ó ka mọ́kànlá, kò rí ìkejìlá, wọ́n sì ti ń kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí ọgbọ́n tán nínú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ wọ́n léra. Ìkẹjọ há a lórí, ó fi tipátipá gbà á kọjá. Nígbà tó fi máa wọ ìkọkànlá tán, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti nà gbọnrangandan bíi ti aṣọ́komásùn, kò lè ká wọn mọ́.

Wọ́n wọlé, omi ń kán lára wọn. Wọ́n dúró wò ó.

“Ọ̀gá,” ni Tíṣà wí, “ẹ mà sanra.”

“Ibà ni,” ni ọ̀gá dáhùn. “Ó mú ara mi wú.”

Ẹ gbọ́ ẹnu tó pa olúwa rẹ̀. Ó gbàgbé pé nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Obìnrin náà tó ti ń gbọ̀n bí ewé gbàgbé òtútù tirẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó gbé etí lé e láyà.

“Mi ò gbọ́ ọkàn kankan o,” ló sọ. “Òwú nìkan ni mò ń gbọ́.”

Ó ní kó bọ́ ẹ̀wù òkè. Ọ̀gá kọ̀, àmọ́ ọwọ́ tó nà sí ẹ̀gbẹ́ méjì ò lè dá ẹnikẹ́ni dúró. Nọ́ọ̀sì fà á, aláwọ̀ ewé jáde. Tíṣà mọ̀ ọ́n, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ka ohun tí ọ̀gá sọ nípa rẹ̀ sókè, ó sì jù ú fún ọmọ ẹgbẹ́ kan, alápatà, tó ń gbọ̀n jù nínú wọn. Aláwọ̀ ìyeyè tẹ̀ lé e. Tíṣà ka ti oyin. Àwọn tó wá ra búrẹ́dì ti kún ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń wò. Bí wọ́n ṣe ń bó ọ̀gá bí àlùbọ́sà, bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń móoru lọ́kọ̀ọ̀kan. Aláwọ̀ eérú kan nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, ó sì bò ó dé orúnkún.

Ìyàwó ọ̀gá wá wo ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ẹnu sì yà á.

“Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ kó ẹ̀wù wọ̀nyí fún un ni?” ló bi wọ́n. “Ó ní ẹ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ òun, torí òun ló ń ṣíwájú yín gun òkè.”

Ẹnìkan tí búrẹ́dì kún ẹnu rẹ̀ béèrè láti ẹ̀yìn pé òkè wo.

Ó ku ọ̀gá nìkan nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ikùn síta, ooru ń rú lórí rẹ̀ bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ìgbà yẹn gan-an ni ajá rẹ̀ wọlé láti inú òjò pẹ̀lú ìkejìlá lọ́rùn, aláwọ̀ aró, ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì nínú apá ẹ̀wù, fìlà lórí. Ó dúró láàárín ilé, ó gbọn ara, ó fi omi wẹ gbogbo wọn.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀ díẹ̀, ìyá àgbà sọ̀rọ̀ láti orí àga rẹ̀.

“Èyí tó wà lọ́rùn ọmọbìnrin yẹn ni kẹ́ ẹ mú. Mo ti fi sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀yìn tó ń ro mí ti dákẹ́.”

Kò sẹ́ni tó jiyàn. Orí ìdúró níbẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò sí i, Tíṣà sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé aránṣọ oríta ló máa rán ọgọ́ta.

Wọ́n ní ọ̀gá gbọ́dọ̀ dá àwọn yòókù padà fúnra rẹ̀. Ó fọ̀ wọ́n, ó dì wọ́n sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ dídán yẹn, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń tọrọ gáfárà. Ṣọ́ọ̀bù bàbá aláṣọ kan tó ń lo gíláàsì ojú ló ṣe kẹ́yìn. Bàbá tú aláwọ̀ aró, ó rí irun, ó ki ìka bọ ihò tí eyín lù, ó gbójú sókè.

“Ṣé ajá náà wà nínú ẹgbẹ́ yín ni?”

Ọ̀gá Àyẹ̀wò wo ilẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá,” ló wí. “Òun tiẹ̀ ti dé orí òkè rí.”