Ọjọ́ Tí Wọ́n Ka Ìtàn Mi ní Ṣọ́ọ̀ṣì

Ọjọ́ Àìkú kan wà ní Sakété tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí màá fi darúgbó. Bí mo bá rántí rẹ̀ níbi tí mo ti ń fọ abọ́, ẹ̀rín á gbà mí, etí mi á sì tún gbóná. Àwọn ará ilé wa kan ṣì gbà pé ó yẹ kí n tọrọ àforíjì. Mo ti tọrọ ti káyé, ìwé ìkọ̀wé tí mo ṣèèṣì gbé fún wọn. Ti ìtàn tó wà nínú rẹ̀, mi ò ní tọrọ rẹ̀ láéláé.

Ọdún kan ló kù kí n ṣe báàkì, ìdánwò àṣekágbá, nígbà náà, ní Pobè. Fakáǹsì ńlá, ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, ti dé, àgbàdo sì ti gbẹ lóko bàbá mi ní Issaba. Gbogbo ilé ló mọ ibi tí wọ́n fẹ́ fi mí sí. Ṣùgbọ́n ìtàn kan ti ń dà mí láàmú láti bí oṣù mẹ́ta, kódà nínú kíláàsì ìṣirò, mo sì ti pinnu pé fakáǹsì yìí ni màá kọ ọ́. Mi ò sì ní fi Faransé tí wọ́n fi ń kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ kọ ọ́. Yorùbá tí ìyá mi fi ń bá mi wí ni màá fi kọ ọ́. Mo sọ fún bàbá mi.

"Ta ló ní kí o kọ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n kọ ọ́, Bàbá."

"Ebi ló ní kí èmi gbin àgbàdo. Lọ mú apẹ̀rẹ̀."

Ni mo bá sọ fún un pé orúnkún ń dun Tántì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Sakété, pé ó nílò ẹni tí yóò máa ràn án lọ́wọ́. Òótọ́ ni pé orúnkún ń dùn ún. Pé ó nílò mi, èmi ni mo fi ìyẹn kún un. Ẹ ò rí i pé mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òǹkọ̀wé nìyẹn.

Tántì kì í fi ọ̀rọ̀ ìjọ ṣeré. Ọ̀kan nínú àwọn ìjọ aláṣọ funfun tó bẹ̀rẹ̀ ní Porto-Novo ni, èyí tó jẹ́ pé bí a bá ti wọ sùtánà, a ò gbọdọ̀ wọ bàtà. Ní ìsìn ọjọ́ Ẹtì, àwọn aríran máa ń sọ ohun tí Ẹ̀mí bá fi hàn wọ́n. Akọ̀wé á jókòó tì wọ́n, á máa kọ gbogbo rẹ̀ sínú káyé, nítorí pé àwọn fúnra wọn kì í rántí ohun tí wọ́n sọ. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, Bàbá Olùṣọ́ á kà á sétígbọ̀ọ́ ìjọ, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè mọ àdúrà tí yóò gbà. Akọ̀wé wọn ti lọ sí Cotonou lóṣù náà. Tántì di ọwọ́ mi mú, ó nà án sókè láàárín ìjọ, ó ní ọmọ àbúrò òun mọ Yorùbá kọ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé rárá? Àgbàdo ń dúró dè mí.

Kí n má parọ́, iṣẹ́ náà tún ọwọ́ mi ṣe. Àwọn aríran kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. "Mo rí obìnrin kan, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò rí ilẹ̀kùn." Ó tán nìyẹn! Mo délé, mo ya ojú ìwé mẹ́ta tí mo ti fi ṣàpèjúwe bí oòrùn ṣe ń yọ, mo tún ìtàn mi bẹ̀rẹ̀: "Mo rí ọkùnrin kan." Ní ọ̀sán, tí Tántì bá ti sùn, màá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ìdáná, màá máa kọ títí ìka á fi wú. Ọkùnrin inú ìtàn náà ní ilé kejì tí ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀. Aguidi ni mo fi ilé náà sí, nítorí pé mi ò dé ibẹ̀ rí. Mo rò pé ibi tí mi ò mọ̀ kò lè kó mi sí wàhálà.

Ìsọ̀ kan náà ni Tántì ti ra káyé ìjọ tí èmi náà ti ra tèmi. Àwọ̀ ewé ni méjèèjì. Ẹ̀yin ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, èmi ni mi ò mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú náà, Tántì ń pariwo orúkọ mi lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé ilé ń jó. Mo fa káyé kan yọ lórí tábìlì, mo sọ ìkejì sínú àpò, mo sáré. Mo kúnlẹ̀, mo fi èyí tó wà lọ́wọ́ mi lé Bàbá Olùṣọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí mo jókòó sí apá àwọn obìnrin, gbólóhùn kan sọ sí mi lọ́kàn, mo ṣí èyí tó wà nínú àpò kí n kọ ọ́ sí i. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni "Ìran ọjọ́ Ẹtì." Ìtàn mi ló wà lọ́wọ́ Bàbá Olùṣọ́! Kí n tó dìde, Bàbá Olùṣọ́ ti wúkọ́.

"Mo rí ọkùnrin kan."

"Halelúyà!" ni ìjọ dáhùn.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ gan-an nìyí, mo gbà. Ó dùn mọ́ mi. Kò sí ẹni tó ka ọ̀rọ̀ mi sókè rí, bẹ́ẹ̀ ni ohùn Bàbá Olùṣọ́ máa ń dún dáadáa. Mo ní lọ́kàn mi pé kí ó ka ìlà kan sí i ná.

"Irùngbọ̀n wà lágbọ̀n rẹ̀. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni ó ń so àpò mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, tí ó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé iṣẹ́ pe òun ní Aguidi. Irọ́ ni. Ilé kejì ni ó ń lọ. Ọmọ kan ti wà níbẹ̀, ó sì ti ń hu eyín."

Lápá àwọn ọkùnrin, ìwé orin kan já bọ́. Aránṣọ tó ń rán sùtánà fún gbogbo wa, Bàbá Rosine, onírùngbọ̀n ẹlẹ́rìn-ín, ṣubú lulẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì.

"Ẹ gbà mí, Bàbá! Òótọ́ ni! Ṣùgbọ́n kò tíì hu eyín o, oṣù mẹ́ta péré ni!"

Ariwo sọ. Àwọn kan ń gbàdúrà, àwọn kan ń kọrin, ẹnì kan ń lu agogo kíkankíkan. Ìyá Rosine, ìyàwó aránṣọ, tó jókòó níwájú mi gan-an, pa ìwé orin rẹ̀ dé. Bàbá Olùṣọ́ gbé káyé mi sókè, ó ní irú ìran yìí kò wá rí, pé inú àpótí ìjọ ni wọn yóò tì í mọ́ títí ayé.

Títí ayé! Ọgọ́rin ojú ìwé, gbogbo fakáǹsì mi, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Mo dìde. Tántì fa sùtánà mi.

"Jókòó! Wọ́n fẹ́ yìn ọ́. Tí o bá dákẹ́, kò sí ẹni tó máa dá ọ padà sí Issaba mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, kí n sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n inú bí mi pé wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ ọwọ́ mi fún ẹlòmíràn, kódà kó jẹ́ Ẹ̀mí Mímọ́.

"Ẹ pàdọ́n, Bàbá. Ìran kọ́. Ìtàn ni, èmi ni mo kọ ọ́."

"Ta ló sọ ọ́ fún ọ?"

"Mo rò ó ni."

"O rò ó, ó sì rí bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ṣí ojú ìwé tó gbẹ̀yìn." Mo dijú, mo kà á lórí: "Obìnrin náà kò sunkún. Ó bu omi sínú ìkòkò, ó gbé e kaná, kò sì fi nǹkan kan sí i."

Bàbá Olùṣọ́ ń fi ìka tọ ìlà náà. Nígbà tó dé òpin, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló wà níbẹ̀. Aránṣọ gbé orí sókè nílẹ̀.

"Ìtàn? Ìtàn lásán ni mo wá jẹ́wọ́ fún?" Ó dìde, ó gbọn orúnkún. "Ọmọ yìí purọ́ mọ́ mi!"

Ìgbà náà ni ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i. "Irọ́ wo? Ta ló wá ní ọmọ oṣù mẹ́ta? Padà sórí ìkúnlẹ̀ rẹ."

Ó padà. Mo bú sẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti jáde.

Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Àgbàlagbà méjì ní kí wọ́n sun káyé náà. Tántì, tí ojú ti tì, ní kí n sáà ya ojú ìwé tí wọ́n kà, kí n dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, níwọ̀n bí mo ti ń ko àgbà lójú bí ọkùnrin, kí ó parí. Mo kúnlẹ̀, mo na ọwọ́.

"Mo ṣe àṣìṣe, ẹ má bínú. Ẹ lè nà mí. Ẹ gba iṣẹ́ akọ̀wé lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ fún mi ní káyé mi, mi ò ní ya ojú ìwé kan níbẹ̀."

Bàbá Olùṣọ́ na káyé náà sí mi. "Gbà. Má gbé e wọ ibí mọ́."

Kí oòrùn tó kan àtàrí, Tántì ti gbé àpò mi síta. Mi ò ráyè bọ́ sùtánà, bàtà mi sì wà nínú yàrá tó ti tì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí yẹ̀pẹ̀ pupa gbígbóná lọ síbi ọkọ̀ Pobè, tí mò ń tiro. Ìdajì ìròyìn, pé mo ríran, ti ṣáájú mi débẹ̀. Ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì kúnlẹ̀ fún mi, ó ní kí n wo bóyá ọmọ òun máa yege. Mo ní ó máa yege. Kí ni n bá sọ?

Ibẹ̀ ni Ìyá Rosine ti bá mi, lórí zẹ́mijàn, alùpùpù akérò, tòun ti aṣọ funfun rẹ̀. Mo rò pé ó wá gbá mi létí.

"Ọmọ, obìnrin tó gbé omi kaná yẹn, kí ló fi omi náà ṣe?"

"Mi ò tíì kọ débẹ̀, Màmá."

"Má jẹ́ kó tètè dárí jì í o. Wọ́n ti ní kí n dárí jì í kí n tó jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kéré tán, kí obìnrin kan sọ pé rárá."

Bí mo ṣe lọ ká àgbàdo nìyẹn. Mò ń ká a láàárọ̀, mò ń kọ̀wé nírọ̀lẹ́, bàbá mi ń wò mí. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí òǹkọ̀wé kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí iwájú káyé, kó sì kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń lọ sí ìlú kan ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ kó tó fi ìlú náà sínú ìtàn. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rín in. Mo parí ìtàn náà kí iléèwé tó wọlé. Obìnrin náà kò dárí jì í. Ó fi omi yẹn wẹ̀, ó wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó sì fúnra rẹ̀ gun alùpùpù náà lọ sí Aguidi.