Kùkúḿbà Kíkan fún Àna

Aránṣọ kan wà tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ti fọ́nnu fún ìyá ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi fínígà sọ kùkúḿbà di kíkan nínú ìgò tó òun. Bẹ́ẹ̀ kò ṣe é rí láyé. Ọ̀sán òní gan-an ni àna náà ń bọ̀ wá tọ́ ọ wò, ló bá wọ́ àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà wọ kíṣìnì.

“Kùkúḿbà nìyẹn. Rẹ ẹ́.”

Káfíńtà gbé ọ̀kan, ó yí i wò tìyanu-tìyanu. “Kò rẹ̀ ẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Ara ẹ̀ le koko.”

“Ta ló bi ẹ́ léèrè ìlera ẹ̀? Omi oníyọ̀ ni mo ní kó o rẹ ẹ́ sí!”

“Ó yé mi.” Ó da gbogbo wọn sómi. “Kí ló kàn?”

“Kó kan ni.”

“Èmi ni mo ń bi yín, Ẹ̀gbọ́n. Kí ló kàn?”

“Mo sì ti dá ẹ lóhùn. Kó kan!”

“Háà, ká kàn án ni? Ẹ ò bá ti tètè sọ.” Ó fa òòlù yọ lápò. “Ìṣó kékeré ni àbí ńlá?”

Aránṣọ káwọ́ lérí. “Ṣé ìyá kan náà ló bí wa? Kó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo wí! Orí ẹ yìí, àga tó o kàn fúnra ẹ ni. Ó dúró dáadáa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀.”

“Ẹ máà bínú. Níbo lẹ ti kọ́ ọ?”

“Lórí rédíò. Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ ò jẹ́ kí n gbọ́ ju àbọ̀ lọ.”

“Àbọ̀ péré?”

“Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Tó bá dénú ẹ̀, á di odidi. Tìẹ, odidi ló ń wọlé, kì í kù tó àbọ̀.”

“Wọ́n ní ó máa ń pẹ́ nínú ìgò kó tó kan.”

“Tàwọn ọ̀lẹ nìyẹn. Tèmi á ti délẹ̀ kí àna mi tó bọ́ bàtà. Bí kò bá bá a nílẹ̀, òpùrọ́ ló máa pè mí, ojú ọmọ mi ló sì máa tì.”

Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ó fa ìgò kan yọ, ó ní fínígà òun nìyẹn, ó da ohun funfun inú rẹ̀ àti kùkúḿbà sí ìkòkò lórí iná. “Dé e, kó tètè hó. Mò ń lọ wọṣọ.”

Nígbà tó padà, ìkòkò ṣí sílẹ̀ gbayawu. Káfíńtà jókòó tì í, ó káwọ́ gbera.

“Kí lò ń ṣe?”

“Mò ń dè é.”

“Dé e ni mo ní!”

“Ṣebí mò ń dè é náà. Ẹ wò ó, ó ti ń bọ̀.”

Lóòótọ́ ló ń bọ̀. Ó ti ki, ó ń hó pùkẹ̀pùkẹ̀. Aránṣọ ki ṣíbí bọ̀ ọ́, ṣíbí dúró ṣánṣán. Ó fọwọ́ kàn án, ọwọ́ lẹ̀ mọ́ra típẹ́típẹ́. Ó wá gbóòórùn ẹnu ìgò.

“Yéè! Sitáàṣì tí mo pò sílẹ̀ fún aṣọ oníbàárà!”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ó kéré tán, kùkúḿbà yẹn ò ní rún.”

“Panu mọ́, olórí pákó!”

Fóònù dún.

“Àna mi ni! Gbé e, ọwọ́ mi ń lẹ̀. Sọ fún un pé mo wà ní kíṣìnì, mò ń parí kùkúḿbà. Má fi ọ̀rọ̀ kankan kún un!”

Káfíńtà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó wọlé, ẹ̀rín ló kún ẹnu rẹ̀.

“Kí lo sọ?”

“Ohun tẹ́ ẹ ní kí n sọ. Wọ́n wá ní kí ló dé tí ẹ ò lè gbé fóònù fúnra yín, mo ní sitáàṣì tẹ́ ẹ fi ń se kùkúḿbà ló lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́.”

Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì. “O pa mí. Kí ló wí?”

“Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Wọ́n ní àwọn ti dé ẹnu ọ̀nà, kí n bá àwọn bi yín: ṣé ṣíbí lẹ máa gbé sórí tábìlì fún àwọn ni, àbí áyọ́ọ̀nù?”