Odò Olórúkọ Méjì

Ṣé ẹ mọ ìdí táwọn àgbà fi ń wí pé omi tí èèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀? Àdúrà lẹ pè é, àbí? Àbámọ̀ ló bí i.

Ògúnṣakin ń wa wúrà lẹ́yìn òkè, lẹ́bàá odò kan tí wọ́n ń pè ní Ẹfọ̀n. Bó bá ti fọ wúrà kúrò nínú ẹrẹ̀ tán, odò náà ló ń da ẹrẹ̀ ọ̀hún sí. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní káwọn gbẹ́ kòtò táwọn á máa dà á sí.

"Kòtò kẹ̀? Ta ló ń mu Ẹfọ̀n? Ẹ dà á nù, á bá omi lọ."

Nílé, ìyá rẹ̀ kì í mu omi mìíràn àfi ti Aládùn, odò tó ń ṣàn níwájú ilé wọn. Ó ní omi kànga ń rùn. Nígbà tó yá, Aládùn pọ́n bí epo. Ẹja kú, wọ́n léfòó. Yèyé bu omi, kò lè mu ún, ètè rẹ̀ gbẹ.

Inú bí Ògúnṣakin burúkú. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó tọ́ ọ lá. "Ẹni tó da ẹrẹ̀ sómi ìyá mi, àfi kó mu ún!"

Gbogbo abúlé ní, "Àṣẹ!" Ó yọ àdá, ó ṣáájú wọn, wọ́n ń tọ odò lọ sókè. Odò yí òkè po, àwọn náà yí i po, ọ̀nà tí Ògúnṣakin kò gbà rí. Bí omi ṣe ń pọ́n sí i ni èpè Ògúnṣakin ń le sí i. Wọ́n sì já lu àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n ń da ẹrẹ̀ sódò.

"Ọwọ́ tẹ̀ yín lónìí!"

Àwọn yẹn tẹríba. "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. À ń dà á nù bẹ́ ẹ ṣe wí."

Àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹfọ̀n náà ni Aládùn, òkè ló pín orúkọ wọn níyà.

Nígbà tí Yèyé gbọ́, ó bu igbá omi pupa náà kan fún un. "Ìwọ lo ṣépè, ọmọ mi. Omi tí èèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀."

Ó mu ún, iyanrìn ń ró kẹ́kẹ́ léyín rẹ̀. Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

"Má da omijé sí i," Yèyé wí. "Ó ti lábùlà tó."

Ògúnṣakin gbẹ́ kòtò, ó kó ẹrẹ̀ sí i, ó di gbogbo ihò tó ti ń wa wúrà. Ó mà ṣe o, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Omi kànga ni Yèyé mu títí ó fi kú.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ṣàdúrà fún yín pé omi tẹ́ ẹ máa mu kò ní ṣàn kọjá yín, ẹ kọ́kọ́ rántí ohun tẹ́ ẹ dà sí i, kẹ́ ẹ tó ṣe àmín.